Ẹ̀ṣẹ̀ Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò orí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ọdún kìn-ín-ní ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ mi sínú ìwé kékeré kan, kí n má baà gbàgbé ìkankan níwájú Fáadà. Mo fẹ́ kí ọkàn mi mọ́ kí n tó gba Ara Olúwa lọ́jọ́ kejì. Ibà ti dá ẹni tá a jọ ń gbé yàrá dùbúlẹ̀. Alálàyé là ń pè é, torí òun ló ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún gbogbo wa.

Ó pè mí ní orúkọ tó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi, ó ní, "Ẹni Mímọ́, jókòó tì mí díẹ̀. Òtútù yìí ń dẹ́rù bà mí."

Mo ní, "Wọn ò ní pẹ́ parí ìjẹ́wọ́. Mò ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, bá mi jẹ́wọ́ tèmi mọ́ ọn."

Nígbà tí mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ló kú sí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń tò lọ gba Ara Olúwa, ẹsẹ̀ mi kì í gbé. Màmá mi á pè: "Ṣé o gba Jésù lónìí?" Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Irọ́ tún ti kún un.

Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé mò ń múra de ìpè Ọlọ́run ni. Àbí ohùn Alálàyé gan-an ni ìpè náà? Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ̀yin olùgbọ́, tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú Fáadà, kí ni kí n pè é?