Aago Tí Mo So Mọ́ Ọwọ́ Ọ̀tún

Abà Alágbẹ̀dẹ,
Ọ̀nà Ìjàyè,
Akínyẹlé.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

Títíladé Àníkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ àwọn aláìsàn ní Èkó. Ara mi le bí òkúta odò. Mo mọ̀ pé ohun tí o máa kọ́kọ́ wá nínú lẹ́tà yìí nìyẹn, ìdí nìyí tí mo fi gbé e síwájú. Ìwọ náà, kí Ọlọ́run fún ọ ní oorun tó dùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ aago, gba ìròyìn ilé. Ìyàwó Sanmí ti bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Olúwadọ̀tun, igbe rẹ̀ sì lágbára débi pé gbogbo ìjọ ti gbà pé akọrin la bí. Ọmọ́ṣọlá, ọmọ olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ti lọ sílé ọkọ ní Ìjàyè. Ewúrẹ́ mi bí méjì. Mo kà wọ́n mọ́ ọn, ìkúnlẹ̀ abiyamọ náà ni. Nígbà tí akọ̀wé ìjọ rìnrìn àjò, èmi ni wọ́n pè kí n kọ orúkọ ọmọ Sanmí sínú ìwé ńlá. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ìka ni mo ń tẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ aago. O ní kí n ju ògbólógbòó yẹn nù, o máa ra tuntun ránṣẹ́. Josiah, àbúrò bàbá rẹ, ní òun kò fẹ́ tuntun, òun kò fẹ́ àtijọ́, kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Olódò. Mi ò ṣe ti ìwọ, mi ò sì ṣe ti Josiah. Fara balẹ̀, kí o ka bó ṣe jẹ́.

O rántí ọjọ́ tí gbogbo yín pé jọ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá bàbá rẹ, tí ẹ ń jiyàn ta ni yóò mú mi lọ, bí ẹni pé àga ni mí. Ìwọ lo dìde, tí o tú aago ọwọ́ ara rẹ, tí o so ó mọ́ mi lọ́wọ́. O ní, “Ẹ jẹ́ kí Mámà wà níbi tí wọ́n fẹ́. Aago yìí á máa sọ fún fóònù mi bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Bí mo bá ṣì ń rí i, kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu.” Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀, ta ló máa jiyàn? Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà nínú ilé mi, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ mi, ìjọ mi àti kíláàsì mi. Aago yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ọwọ́ lójú tèmi. Ọgbà tó yí ilé mi ká ni.

Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni ó ti ń ṣàárẹ̀. Bí mo bá ṣáájì rẹ̀ mọ́jú, ó ti kú kí oòrùn tó kanrí. Nínú oṣù Kẹfà, ikùn rẹ̀ wú, gíláàsì ojú rẹ̀ sì gbé sókè díẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Keje, ó dákẹ́ pátápátá, fóònù mi sì wà nínú yàrá níbi tí o ti ń pè é, tí n kò gbọ́.

O mọ̀ pé o pe Josiah. Ohun tí o kò mọ̀ ni bó ṣe dé. Láti iwájú pátákó ìkọ̀wé ni ó ti sáré, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà láti Mọ́níyà, ó já wọ inú ọgbà, ó ń pariwo, “Mọ́mì o! Mọ́mì o!” Mo yọjú láti ìdí agbada gàrí, mo ní, “Josiah, ta ló kú?” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ni o. Ẹ ti kú lórí fóònù Títíladé láti àárọ̀.” Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rín. Ó mu omi ife méjì, ó wá ní, “Mọ́mì, kí oṣù Kẹjọ tó parí, ẹ ti di ẹrù yín. Mi ò lè sá eré yìí lẹ́ẹ̀kejì.” Mi ò bá a wí. Ọmọ mi ni.

Gbọ́njúbọ́lá tí a jọ ń yan gàrí gbọ́ ọ, ó ní, “Ìyá Josiah, kí lẹ ń fi ìyà jẹ ara yín sí? Ẹ ra tuntun bíi tèmi.” Ó tú tirẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ rà fún un ní owó pọ́ọ́kú, ó so ó mọ́ mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ń dán bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jò sílẹ̀. Mo jókòó, ó kọ méjìdínlọ́gọ́rin. Mo sáré yí ilé ká títí mo fi ń mí hẹlẹ, ó ṣì kọ méjìdínlọ́gọ́rin. Ọkàn mi kò gbà á. Mo mú iṣu kan lábẹ́ àká, mo so aago mọ́ ọn nídìí. Àníkẹ́, méjìdínlọ́gọ́rin! Mo ní, “Gbọ́njúbọ́lá, ọkàn iṣu yìí balẹ̀ ju tèmi lọ.” Ó wò ó, gèlè já bọ́ lórí rẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó ní, “Ẹ má gún un o, ó ṣì wà láàyè!” Àwọn baba wa kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Mo gbé tèmi lọ sí Mọ́níyà. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá, nínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, kò tú u rárá. Ó wò ó láti òkèèrè, ó ní ó ti kú, kí n wá yan tuntun lára tirẹ̀. Mo ní ẹni tí kò fọwọ́ kan aláìsàn kò lè sọ fún mi pé ó ti kú. Mo bá dé ọ̀dọ̀ Roheem, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ igi máńgòrò lọ́nà ibùdókọ̀ ojú irin. Rédíò ló ń tún ṣe láyé ọjọ́un. Rédíò bàbá bàbá rẹ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ó tú aago náà, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, “Mámà, ṣé inú iná lẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ọwọ́ wo lẹ ń so ó mọ́?” Mo na ọwọ́ ọ̀tún sí i. Ó ní, “Iṣẹ́ wo ni ọwọ́ yìí ń ṣe?” Mo ní gàrí ni. Kò tíì dáhùn tí mo fi mọ ibi tó ń lọ. Ọwọ́ tí mo fi ń mú àkúfọ́ igbá, tí mo fi ń ro gàrí lórí agbada gbígbóná láti àárọ̀ dé ọ̀sán, òun náà ni mo so aago mọ́ fún ọdún mẹ́rin. Bátìrì inú rẹ̀ ti yan pọ̀ mọ́ gàrí.

Roheem ní, “Kí ló dé tí ẹ kò so ó mọ́ ọwọ́ òsì bíi ti gbogbo ayé?” Mo jẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ òsì gan-an ni ìwọ so ó mọ́, Àníkẹ́. Bí o ṣe kẹ̀yìn sí mi báyìí ni mo tú u, tí mo gbé e sí ọ̀tún. Ohun tí ọmọ bọ́ lára ara rẹ̀ fún mi, báwo ni mo ṣe máa fi ọwọ́ òsì gbà á? Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún ọ. Ọ̀wọ̀ náà ni mo fi dáná sun ún. Roheem rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Mámà, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí òsì náà ríṣẹ́ ṣe.” Ẹ wá wo ẹni tó ń pa òwe fún èmi!

Ó ní inú aago ṣì dára, bátìrì ló bàjẹ́, okùn rẹ̀ sì ti já tán. Ó ní kí n má fi wẹ̀ mọ́, kí n má fi fọ ẹ̀gẹ́. Mo bi í pé ọdún mélòó ló kù fún un. Ó ní, “Bóyá méjì. Bí mo bá ní mẹ́wàá, irọ́ ni mo pa fún yín.” Gbólóhùn yẹn ló mú kí n fi sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ kẹta ni mo padà lọ gbà á, ohun tí ó sì gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tuntun.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Josiah dé láti ìsìn pẹ̀lú aṣọ àdúrà funfun lọ́rùn. Mo gbé iṣu kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo so aago Gbọ́njúbọ́lá mọ́ ọn, ó ka méjìdínlọ́gọ́rin. Mo tú u, mo so tèmi mọ́ ọn, ó wá iṣu náà títí, kò rí nǹkan kan, ó fa ìlà kékeré méjì. Mo wá so ó mọ́ ọwọ́ òsì mi, mo sì ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè fúnra mi: mọ́kànléláàádọ́rin. Josiah wo iṣu, ó wò mí. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ máa gbé ilé yín. Ṣùgbọ́n fóònù á máa wà nínú àpò yín ní ìdí agbada.” Mo ní mo gbà. Nígbà tó gbé iṣu náà lọ, Gbọ́njúbọ́lá ń pariwo tẹ̀ lé e pé, “Bàbá Sharon, ẹ bi í kí ẹ tó bó o!”

Nítorí náà, má ra aago kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni mo sì fi pẹ́ kí n tó kọ lẹ́tà yìí. Kí o tó so aago mọ́ mi lọ́wọ́, oṣooṣù lo máa ń wálé. Láti ìgbà tí o ti ń rí ọkàn mi lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì péré lo ti wá. Mi ò bínú, iṣẹ́ pọ̀, mo mọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà ni mo ń sọ. Aago yẹn kò lè gbé orí rẹ lé itan mi kí n bá ọ di irun, ìwọ náà kò sì tíì rí bí mo ṣe ń kọ orúkọ rẹ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ọwọ́ kan aláìsàn kí ó má sàn. Kí iṣẹ́ rẹ má gba ayọ̀ rẹ lọ́wọ́ rẹ. O ó wálé, o ó bá mi láyọ̀. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá tó bí bàbá rẹ, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́,
Dorcas Àbẹ̀ní Ọláníran.

Mo tún rántí: Sharon tó ń bọ̀ l’Ékòó ló mú lẹ́tà yìí dání. Owó ọkọ̀ ojú irin rẹ dé Mọ́níyà wà nínú rẹ̀, owó gàrí ni, má dá a padà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà.