Màmá Aláago, Ẹni Tó Sọ Irin Fífúyẹ́ Di Aago Ọwọ́

Ní ọdún 1948, nínú ilé onípákó kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, ni a bí olóògbé, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Aláago. Arọ́rin ni bàbá tó bí wọn, aránṣọ sì ni ìyá wọn. Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa tipẹ́. Màmá ni àkọ́bí, àwọn nìkan sì ni obìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́ta. Ariwo òòlù ni wọ́n fi ń sùn, òun náà ni wọ́n fi ń jí. Wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ ìsinmi gan-an ni oorun kì í kun àwọn, torí pé àdúgbò máa ń dákẹ́ jù. Bí àwọn ará ilé bá ń sọ fún bàbá wọn pé, "Ẹ wo ọwọ́ ọmọbìnrin yín, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò," èsì arọ́rin náà kò ju ẹyọ kan lọ: "Ọṣẹ wà nílé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọn kì í tà lọ́jà."

Nígbà tí Màmá parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n wọ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní irin gbígbẹ́ wo obìnrin kan ṣoṣo tó dúró níwájú rẹ̀, ó sì na ìgbálẹ̀ sí i dípò ayùn. Màmá gba ìgbálẹ̀, wọ́n gbálẹ̀ náà mọ́ tónítóní, wọ́n dá a padà, wọ́n sì tún na ọwọ́ fún ayùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde níbẹ̀, olùkọ́ yìí kan náà ló sọ fún bàbá wọn pé, "Ẹni tó ń gbálẹ̀, tó tún ń ṣiṣẹ́ lèyí. Àwọn yòókù kì í ṣe méjèèjì."

Ní ọdún 1967, Màmá ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àwọn irin pẹlẹbẹ àti sukúrù tí àwọn oníṣègùn fi ń to egungun tó ṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá irin tí wọ́n ń pè ní taiténíọ̀mù pàdé. Àwọ̀ rẹ̀ jọ eérú. Ó lágbára bí akọ irin, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbé e sókè, á rò pé inú rẹ̀ ṣófo ni. Kì í dípẹtà, omi iyọ̀ kò rí i gbé ṣe, ara èèyàn sì máa ń gbà á mọ́ra bí ẹní gba ẹbí. Lórí ẹ̀rọ ìgbẹ́rin nìkan ló ti ń ṣagídí. Bí oníṣẹ́ bá kánjú, á pa ọ̀bẹ ẹ̀rọ. Bí oníṣẹ́ bá sì ń fọwọ́ pa á lórí, á gbóná, á lẹ̀ típẹ́típẹ́. Màmá máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pé, "Bí àna ló rí. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì fojú di í."

Ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ yìí ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ẹni tó padà di ọkọ wọn, wà; ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ni nígbà náà. Màmá gbé aago orí tábìlì wọn lọ síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó kú. Wọ́n gbé e padà, ó ṣiṣẹ́, ó tún kú. Nígbà tó tún dákẹ́, Màmá tú u wò fúnra wọn, wọ́n sì rí sukúrù kan tí ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìdè. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì rẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ṣé aago ni mo wá gbà níbí ni, àbí ọkọ?" Bàbá gbé awò sójú, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ inú rẹ̀ wò ná." Ní ọdún 1971 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Aago náà kò sì kú mọ́.

Ohun kan wà tó ń ba Bàbá lọ́kàn jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bò ó. Alátùn-únṣe aago ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò lè so aago mọ́wọ́. Irinkírin tó bá kan ọrùn ọwọ́ wọn, kò ní pẹ́ tí ara á fi lé, tí á máa yún wọn. Àpò ẹ̀wù ni wọ́n ń ki aago sí. Àwọn oníbàárà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Oní-ṣọ́ọ̀bù aago tó ń béèrè pé aago mélòó ló lù!" Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Màmá rí ọkọ wọn níwájú dígí, ó fi áńkáṣíìfù wé ọwọ́, ó so aago lé e lórí, ó wo ara rẹ̀ títí, ó sì tún tú u. Nígbà tí Màmá débi iṣẹ́, wọ́n tọrọ àjákù taiténíọ̀mù kan lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Ọ̀gá ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé egungun ọkọ yín ló ṣẹ́ ni?" Màmá ní, "Rárá, ọ̀gá. Awọ ara rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ṣọ̀rẹ́."

Ilé aago àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbẹ́ bà jẹ́. Ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara nígbà tí wọ́n lọ́ ọ dé, kò sì ṣí mọ́ títí dòní. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ pé ó yẹ kí a fi gíríìsì pa á lẹ́nu. Èkejì, tí wọ́n parí ní ọdún 1977, ló yọrí. Kí Bàbá tó kó ẹ̀rọ sínú rẹ̀, Màmá yan án lórí iná. Ó pọ́n bí oyin, ó di àwọ̀ àlùkò, nígbà tó wá di búlúù bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò, wọ́n gbé e kúrò. Bàbá so ó mọ́wọ́. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ara wọn kò lé. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá wọ gbèsè ìkíni, Bàbá á ké sí i pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bi mí pé aago mélòó ló lù!"

Ayọ̀ náà kò tíì gbó nígbà tí iná ọdún 1979 dé. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ ìgbẹ́rin kékeré kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, èérún taiténíọ̀mù sì ti kó jọ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ ti kú díẹ̀, irin gbóná, èérún gbiná. Màmá wà níwájú pẹ̀lú oníbàárà. Bàbá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rí ìmọ́lẹ̀ funfun báláú, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni á ṣe: wọ́n da omi sí i. Irin yẹn kì í gba omi nígbà tó bá ń jó. Iná náà bú sókè, ó sì jẹ wọ́n lọ́wọ́ ọ̀tún. Màmá sáré dé, wọ́n sì fi iyanrìn gbígbẹ pa á. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kò lè mú nǹkan tín-ín-rín mọ́. Ohun tó dun Màmá jù ni pé wọ́n mọ̀. Ibi iṣẹ́ ti kọ́ wọn. Wọ́n ti gbé iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọkọ wọn.

Màmá fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà, wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ kan irin yẹn nílé mọ́. Ó lé lọ́dún kan tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì, tí Bàbá ń jókòó sídìí fèrèsé. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1981, nọ́ọ̀sì kan kanlẹ̀kùn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ pọ́n wẹ̀, ó ní òun gbọ́ nípa aago tí kì í yún ara. Màmá ní, "A ò ṣe é mọ́, ẹ má bínú." Bàbá ké láti inú yàrá pé, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó!"

Màmá yíjú sí Bàbá. "Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe é?"

"Tìẹ. Ojú mi ò jó, ẹnu mi ò jó. Èmi á máa wí, ìwọ á máa ṣe."

"Irin tó jẹ yín lọ́wọ́ yìí náà?"

"Irin kọ́, omi ni mo dà sí i. Ìyàwó mi, o ń fìyà jẹ irin, o ń fìyà jẹ ara ẹ. Èmi wá ń kọ́? Ṣé ibi fèrèsé ni kí n kú sí?"

Nọ́ọ̀sì náà ló sọ nígbà tó yá pé àwọn tọkọtaya yìí sunkún níwájú òun bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó tàn án, wọ́n pe gbogbo ará ilé jọ, títí kan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọ́n sì fi garawa iyanrìn hàn wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe kọ́ iṣẹ́ inú aago lẹ́nu ọkọ wọn. Ìjà kì í tán nídìí tábìlì náà. Bàbá á ní, "Má mí lé e lórí!" Màmá á ní, "Ṣé kí n kú ni?" Bàbá á ní, "Mí sápá ibòmíì." Àwọn òmùwẹ̀ wá, àwọn alásè wá, àti gbogbo ẹni tí irin ń bá awọ ara rẹ̀ jà. Ní ọdún 1986, Màmá fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ láti gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà bá ráhùn pé irin náà ń tètè họ, wọ́n á ní, "Ohun tó bá ń bá yín ṣiṣẹ́ á lápá. Ẹ wo ọwọ́ tiyín náà."

Ọmọ ìjọ tòótọ́ ni Màmá. Àwọn ló ń tọ́jú aago ògiri ilé ìsìn, Pásítọ̀ sì ti fìgbà kan béèrè ní gbangba ìdí tí aago náà fi máa ń yára nígbà ìwàásù. Màmá ní àwọn á gbàdúrà sí i. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní irin gbígbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti jáde.

Ní ọdún 2009, Bàbá papò dà. Àwọn ọmọkùnrin ní kí a sin aago búlúù náà mọ́ wọn. Màmá kọ̀. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ kì í béèrè àkókò. Ẹni tó jogún awọ ara bàbá yín ló ni ín," wọ́n sì so ó mọ́ ọmọbìnrin wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, apá kan tábìlì ni wọ́n ń lò. Apá kejì, wọ́n kàn ń nù ún ni.

Ojú Màmá di bàìbàì nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ wọn ṣì ń ríran. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọdún 2023, àbígbẹ̀yìn wọn gbé ilé aago tuntun lé wọn lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi àtàǹpàkò yí i ká, wọ́n ní, "Etí rẹ̀ ṣì mú díẹ̀. Lọ bá mi fi ayùn rẹ́ ẹ." Àbígbẹ̀yìn lọ rẹ́ ẹ. Nígbà tó máa fi padà dé, Màmá ti lọ, wọ́n ṣì na ọwọ́ sílẹ̀ láti gbà á.

Màmá Aláago fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ: olùkọ́, atukọ̀ ojú omi, nọ́ọ̀sì, àti àbígbẹ̀yìn tó wà nídìí tábìlì náà lónìí, pẹ̀lú àwọn ọkọ àti ìyàwó ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àbúrò wọn ọkùnrin kan tó kù, àti ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́.

Màmá, ẹ ti ṣe é, ó sì dára. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín. Ẹ bá wa kí Bàbá, ẹ má sì bá wọn jà. Ẹ sùn ire o.