Mànàmáná Tí Mo Ń Retí Lóko Àgbàdo

Sìmbíátù ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ooru Sókótó kò tíì sè ọ́ jinná? Àwa nílé wà láàyè, alhamdulillah, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú rẹ lẹ́nu àlejò. Ìyá rẹ kí ọ, àmọ́ èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í bára wa sọ̀rọ̀ báyìí, iṣẹ́ rẹ ló sì fà á.

Nígbà tí o pè wá lọ́dún iléyá, o ní inú kọ̀ǹpútà lẹ ti ń ṣe mànàmáná ní yunifásítì yín, pé tó bá ti kọ, á sun afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn á di nǹkan mìíràn, òjò á gbé e wálẹ̀, irúgbìn á sì jẹ ẹ́ bí ajílẹ̀. O ní ìwọ lò ń ṣírò iye ajílẹ̀ tí ẹyọ mànàmáná kan ń mú jáde. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé àpò ajílẹ̀ tí mo ti rà, mo fi ta Bùsàrí àbúrò ìyá rẹ lọ́rẹ, mo ní kó máa lo ti ilẹ̀, ọmọ tèmi ń ṣe tòkè.

Ọmọ mi, ewé àgbàdo wa ti pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Mànàmáná ń kọ lóko gbogbo èèyàn, ó ń fo tiwa. Mo rò pé bóyá ẹ ò rí wa nínú kọ̀ǹpútà ni, mo bá ri igi gíga kan sáàárín oko, mo so páànù àti kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ mọ́ ọn lórí, kó lè máa dán sí yín lójú láti Sókótó. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó bá mi roko mọ́. Ẹ̀gbẹ́ títì ni ìyá rẹ ti ń lu abọ́ kí n lè mọ̀ pé oúnjẹ dé. Bùsàrí ń bi mí pé ṣé kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ gùn lọ sọ́run ni. Kí n má purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Tójú ọjọ́ bá ti ṣú, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń wà. Má sọ fẹ́nì kankan.

Mamman alálùbọ́sà tó máa gbé lẹ́tà yìí wá ní èéfín ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì pọ̀ ní Kalambaina lọ́dọ̀ yín ní Sókótó. Ṣé ibẹ̀ lẹ ti ń se mànàmáná náà? Bá mi bẹ ọ̀gá yín, kékeré ni kó fi ránṣẹ́, kì í ṣe irú èyí tó pa ewúrẹ́ Ràfíátù aládùúgbò wa. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dáa jù, gbogbo wa á ti wà ní mọ́ṣáláṣí. Tí kò bá ṣeé ṣe, fi owó àpò ajílẹ̀ kan ránṣẹ́, àmọ́ má fi í sórí fóònù Bùsàrí o, torí èyí tí mo fún un náà ló fẹ́ tà fún mi.

Mo fẹ́ pa lẹ́tà dé ni Ràfíátù wọlé, ó ní ìyá rẹ ti gbé àdá lọ sóko, ó fẹ́ lọ gé igi náà lulẹ̀, ìyá rẹ ní àgbàdo kọ́ ló máa sọ òun di opó. Òjò sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá ibẹ̀. Mò ń lọ bá a báyìí. Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, Sìmbíátù, pa kọ̀ǹpútà yẹn.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o jèrè ìwé rẹ, kò sì ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ pa ẹni tó bí ọ. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Tàjúdíìn