Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dúró De Aró

Bàbá mi, ẹ̀yin tí kì í dúró de ìránṣẹ́,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Láti ìgbà tí a ti sin yín sórí iyanrìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì fà á ya. N kò ní fà á ya lónìí. Inú mi ti kún, gbogbo ẹni tí mo bá sì sọ̀rọ̀ fún ló ń sọ pé kí n ṣe sùúrù. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rán ènìyàn níṣẹ́ láàárọ̀, ẹ̀yin fúnra yín á ti dé ibẹ̀ kí ìránṣẹ́ tó dé, ẹ ó sì máa bi í léèrè ohun tó dá a dúró lọ́nà.

Orímisàn ṣàìsàn, Bàbá. Ọmọ tí ẹ̀yin fúnra yín sọ lórúkọ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta báyìí, ó sì ti ń pe edé ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ibà ló mú un. Á mú un ní ọjọ́ méjì, á fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kan, bí a bá ti ń dúpẹ́ ni yóò tún padà dé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ máa ń fi ìka méjì wọ̀n, tí ẹ ó ní ọmọ yìí á tukọ̀ ju ọkùnrin lọ, ìka kan yí i po nígbà tí mò ń sọ yìí, ó sì tún ṣẹ́kù.

Ẹ mọ ọkùnrin tó ń tọ́jú dìsípẹ́ńsárì wa, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Dókítà, tí òun náà kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fún ọmọ ní kúnínì. Ibà lọ, ibà bọ̀. Ó tún fún un. Ibà lọ, ibà bọ̀. Ó wá sọ fún mi pé ibà méjì ló jọra wọn: ọ̀kan ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn wá, ọ̀kan ń gbé inú ìfun, oògùn ọ̀kan kò sì ran èkejì. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n awò amúnǹkantóbi tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé àyẹ̀wò tó wà ní ìlú òkè ni wọ́n gbé e sí, ẹ̀jẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ lọ bá a níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ètò tí ìjọba ṣe, nítorí mo ti kà á títí ó fi wọ̀ mí lórí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn dìsípẹ́ńsárì. Ilé-iṣẹ́ ìlera ní kò ní sí ilé àyẹ̀wò kékeré kan tí yóò dá wà. Ilé àyẹ̀wò ńlá ni yóò máa ran ti ẹkùn lọ́wọ́, ti ẹkùn yóò máa ran ti àgbègbè lọ́wọ́, ti àgbègbè yóò sì máa gba ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀dọ̀ irú Dókítà wa yìí. Gíláàsì, aró àti òṣìṣẹ́ yóò máa ti òkè sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ti ìsàlẹ̀ gòkè, ìwé èsì yóò sì padà wá. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó dùn mọ́ mi. Mo tilẹ̀ ṣàlàyé fún àwọn ìyá ọlọ́mọ tó jókòó síbẹ̀ pé bí omi tó ń kún tó sì ń fà ni.

Ohun tí ìwé náà kò sọ ni pé awò dé, aró kò dé. Aró yìí ni wọ́n fi ń kun ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò ibà tó lè hàn. Láìsí i, gíláàsì lásán lẹ̀ ń wò. Nígbà tí aró máa dé, wọ́n ti gbé ọkùnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà lọ síbòmíràn. Nígbà tí ẹlòmíràn máa rọ́pò rẹ̀, aró ti tán. Bàbá, ta ló ń ṣètò báyìí? Ṣé a lè fún apẹja ní àwọ̀n lọ́dún yìí, kí a fún un lọ́kọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí a sì máa bi í léèrè ẹja láàárín ọdún méjèèjì?

Síbẹ̀, kí n má parọ́, èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Dókítà gún ọmọ níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, ó ní kí n jẹ́ kó gbẹ, kí n sì ṣọ́ ọ nítorí aáyán, nítorí aáyán máa ń lá ẹ̀jẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọkọ̀ ìjọba tó ń gbé lẹ́tà tó dé. Òjò kò sì dá. Ẹ mọ ilé wa lórí omi nígbà òjò: iyọ̀ ń sunkún nínú ìkòkò, aṣọ tí a fọ̀ ní ọjọ́ Ajé ṣì tutù ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn aáyán sì ti ń yọ ìrùngbọ̀n wọn láti inú pákó. Mo bá gbé gíláàsì náà sórí pẹpẹ tí a ti ń yan ẹja ṣáwá, lókè ẹ̀ẹ́fín. Èmi tí mo gba máàkì tó ga jù nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n kí ni a ní ní ilẹ̀ wa tí a kì í gbé sórí ẹ̀ẹ́fín bí a kò bá fẹ́ kó bàjẹ́? Ìyá ọkọ mi pàápàá wò ó, ó ní, “O gbọ́n. Fi ewé bò ó kí ọ̀rá ẹja má kán sí i.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gíláàsì padà wá. Dókítà gbé e sókè sí ojú ọjọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

“Ìyá Orímisàn, kí lẹ fi nǹkan yìí ṣe?”

“Mo jẹ́ kó gbẹ ni.”

“Ẹ yan án ni. Ó ku ata.”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo délé mo sunkún. Ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá, lára ọmọ tí kò ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí ẹnì kan nínú gbogbo ètò yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó rántí pé ibì kan wà tí ènìyàn ń gbé lórí omi, tí nǹkan kì í gbẹ níbẹ̀? Agolo kékeré kan tó ní ìdérí ni à bá fẹ́. Agolo lásán.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ti gbọ́n. Mo fi aṣọ gbígbẹ wé gíláàsì, mo fi í sínú agolo ìkọ́ ẹja yín, mo sì jókòó tì í bí adìẹ tó sàba. Ìyẹn náà tún padà. Wọn kò wò ó rárá. Nínú fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ní kí a kọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, Dókítà kọ “Omi,” bó ṣe máa ń kọ ọ́ fún gbogbo wa. Akọ̀wé kan níbẹ̀ fi íǹkì pupa yí ọ̀rọ̀ náà ká, ó ní fọ́ọ̀mù kò pé. Mo bi Dókítà pé òpópónà wo ló fẹ́ kí n lọ wá. Ó ní kí n má bá òun jà, pé ètò wà, kí n dúró, òun á kọ òmíràn.

Kí n dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá tí ibà dá yín dùbúlẹ̀, tí Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi ní ọjọ́ kẹta pé, “Ẹ gbé mi sínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn.” Èmi ni mo kọ̀. Èmi ọmọ tó kàwé. Mo ní, “Bàbá, ẹ dúró, ìjọba ti ṣètò rẹ̀, ìwé ń bọ̀.” Ẹ kò bá mi jiyàn, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Ṣé àárẹ̀ ni, àbí ẹ gbà mí gbọ́ ni? Ọjọ́ kọkànlá ni ẹ lọ. Ìwé kò dé títí di òní.

Nítorí náà, n kò dúró de fọ́ọ̀mù kẹta. Ọkọ mi wà lójú òkun. Mo tú ọkọ̀ yín sílẹ̀ níbi tí a so ó mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mo tẹ́ ẹní sí i fún ọmọ. Ìyá ọkọ mi yọ sí mi lórí afárá pákó.

“Ìyàwó, ibo lò ń lọ?”

“Mo fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún wọn, Ìyá. Nínú ara ọmọ tó wà gan-an ni mo fẹ́ gbé e lọ.”

“Pẹ̀lú ọwọ́ tí o fi ń mú bírò yẹn? Sún síwájú.” Ó mú àjẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń bú ìtukọ̀ mi títí a fi gúnlẹ̀. Ó ní bí mo ṣe ń na omi, àfi bíi pé omi jẹ mí ní nǹkan. Bí a ti ń wọ ibi tí omi ti ń dúdú, mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo tọ́ ọ wò bí ẹ ti máa ń ṣe. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé a ti jìnnà sí òkun.

Bàbá, ọkùnrin ilé àyẹ̀wò náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì rẹ̀ ẹ́. Mo ti to èébú lọ́wọ̀ọ̀wọ́ dè é. N kò rí i bú. Yàrá kan ni, awò kan, àga kan. Ó ní òun ti kọ̀wé béèrè aró títí íǹkì òun fi tán, pé ìgò kékeré kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó gún ọmọ níka, ó kun ẹ̀jẹ̀, ó fi ojú sí awò. A kò tíì jẹ ẹ̀kọ tí a gbé dání tán tó fi ní, “Ti ẹ̀fọn ni. Kúnínì tí wọ́n ń fún un kéré, wọn kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ tó.” Ó kọ ọ́ sínú ìwé, a gba oògùn nílé ìwòsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tán. Ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún wá, ìgbà tí a fi ń jẹ ẹ̀kọ ló gbà.

Nígbà tó ń dá ìgò aró padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí àpótí pákó kan tó kún fún gíláàsì. Mo bi í pé ti ta ni. Ó ní ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dé nígbà tí kò sí aró. Wọ́n ní kí òun má dà á nù, kò sì sẹ́ni tó sọ ohun tí òun máa fi í ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò. Bébà kékeré ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkọ̀wé gbàgìdì Dókítà wa ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. “Omi” ló kọ. Orúkọ yín sì wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ yín dé ibẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ wà nínú àpótí, ẹ̀ ń dúró de aró.

Mo bẹ ọkùnrin náà kó wò ó. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá ti pẹ́ tó báyẹn kì í sọ nǹkan kan mọ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó wo Ìyá, ó wo ọmọ, ó ṣí ìgò, ó kán aró ìjọba sórí yín, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ojú sí awò fún ìgbà pípẹ́. Ó sún sẹ́yìn, ó jẹ́ kí èmi náà wò ó. Búlúù ni, láti etí kan dé èkejì. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Kí ló pa yín? Ṣé ì bá ṣe é wò sàn, ká ní mo gbé yín lọ ní ọjọ́ kẹta?

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà tí ibà ti fi Orímisàn sílẹ̀. Ó jẹ edé láàárọ̀ yìí, ó sì gba ti ọwọ́ Ìyá mọ́ tirẹ̀. Mo ti lọ já ìwé ètò yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn dìsípẹ́ńsárì, mo kọ ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà dé ilé àyẹ̀wò sẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, àti iye ibi tí wọ́n máa dúró lọ́nà, mo sì tún un lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Dókítà rí i. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gíláàsì yín, tí ọkùnrin náà jẹ́ kí n gbé wálé, wà lọ́dọ̀ mi nínú agolo ìkọ́ ẹja. N kò mọ̀ bóyá kí n lọ rì í mọ́ iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tàbí kí n máa fi í pamọ́. Ìyá rí i lọ́wọ́ mi lánàá, ó ní, “Èyí tí o bá fẹ́ ni kí o ṣe. Ṣáà má gbé e sórí ẹ̀ẹ́fín.” Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín sí i, Bàbá. Mo gbé ọmọ yìí lọ. Mo pẹ́, ṣùgbọ́n mo gbé e lọ.

Èmi ni, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ mi,
ọmọ yín tó ní kí ẹ dúró.