Fìlà Nìkan Là Ń Tà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ni.

Ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń ṣe fún àwọn oníṣòwò. Nígbà tí ìyá ọkọ mi, tó ń rán fìlà, ní kí n ṣe tòun, èyí tó rọrùn jù ni mo yàn, kí wọ́n lè máa fi fóònù pààrọ̀ àwòrán àti ọ̀rọ̀ ibẹ̀ fúnra wọn. Kíá ni Màámi mọ̀ ọ́n lò. Wọ́n dé fìlà tuntun sí bàbá ọkọ mi lórí, wọ́n ya fọ́tò wọn, wọ́n gbé e síbẹ̀.

Àfi bí àwọn obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: "Bàbá arẹwà yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n níyàwó?"

Màámi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ fọ́tò: "Fìlà nìkan là ń tà. Èmi ni mo ni orí tó wà nínú rẹ̀."

Ni ọjà bá yá! Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ìtìjú ni fún bàbá òun, kí n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Mo bá lọ bi Bàbá fúnra wọn. Wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n ní: "Ìyàwó wa, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ dídùn yìí lẹ́nu ìyá ọkọ ẹ gbẹ̀yìn. Má fọwọ́ kàn án o!"

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀, ṣé ọkọ mi ni, àbí bàbá tó bí i?

Èmi ni,
Ìyàwó Tó Wà Láàárín.