Bọ́tìnnì Inú Búrẹ́dì

Akọ̀wé Mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó kà kọjá ìlà yìí, wá ibi jókòó, nítorí pé ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ kì í ṣe bàbá tí o fi sílẹ̀ nílé mọ́. Ogójì mílíọ̀nù èèyàn ló ń tẹ̀lé mi báyìí lórí ayélujára, mo kà wọ́n fúnra mi títí ọrùn mi fi gan. Bí mo bá sín láàárọ̀, gbogbo ayé ní láti kí mi kí wọ́n tó fọ eyín. Nínú ọgbọ̀n ọdún tí mo sì fi jẹ́ agbẹnusọ fún iléeṣẹ́ omi, kò sí irọ́ kan ṣoṣo tó gba ẹnu mi jáde. Fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, a ó padà dé ibẹ̀.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òrùlé yàrá rẹ ti dákẹ́ jíjò, ṣé onílé sì ti rẹ́rìn-ín sí ọ? Kí gbogbo ilẹ̀kùn tí o bá kàn máa ṣí kí o tó gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ náà kí ọ, nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀ jù nínú ilé báyìí. Ewúrẹ́ ti jẹ okùn awò ojú mi, òwú ni mo fi so ó mọ́ etí, torí náà bí ìlà ìwé mi bá ń gun òkè, ewúrẹ́ ni kí o bi.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta ló bá mi tan án, ó ní kí n fi àtàǹpàkò kàn án kí ó lè mọ̀ mí. Ìgbà tí mo wá dórí ayélujára, mo rí i pé abẹ́ gbogbo àwòrán ló kún fún àtàǹpàkò, ẹgbẹ̀rún kan níbí, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́hùn-ún. Àánú ṣe mí, Akọ̀wé. Pẹ̀lú gbogbo ilé ìwé tó wà ní ìlú ńlá yẹn, àwọn èèyàn ṣì ń tẹ̀ka nítorí pé wọn ò lè kọ orúkọ ara wọn! Mo kọ orúkọ tèmi ní kíkún lábẹ́ àwòrán méjìdínlógún, kí wọ́n lè rí àpẹẹrẹ.

Mo wá wá ojúewé iléeṣẹ́ búrẹ́dì tí ò ń gbẹnusọ fún lọ. Mo kọ́kọ́ wọ kóòtù iléeṣẹ́ omi mi, nítorí èèyàn kì í wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ sílé onílé. Mo kí ọ dáadáa, mo sì béèrè àlàáfíà rẹ. N ò tíì gbé ìka kúrò tí o fi dáhùn, o ní ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa, ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa láìpẹ́. Inú mi dùn, mo ní ọmọ mi yára bí àṣá. Mo sọ fún ọ pé orúnkún ìyá rẹ ti tún wú, o ní ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. Mo ní ṣé o ti jẹun, o ní ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa láìpẹ́. Ìyá rẹ ní ọmọ yìí ń bínú sí wa, kí la fi ṣe é, ó sì sunkún díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń bẹ̀ ọ́ kí obìnrin ìkóríta tó wá sọ pé ẹ̀rọ ni, kò sí èèyàn ńbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n ò tíì rí i kí àlejò kan ilẹ̀kùn, kí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ní ẹ káàbọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sí nílé.

Ó mú mi rántí ayé iṣẹ́ tiwa. Bí páìpù bá bẹ́, bí omi bá lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀gá mi á na kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ sí mi, á ní Bàbá Omi, ó yá, lọ gba èébú wá. Èmi àti ìwọ la jọ máa ń lọ. O ò ju ọmọ ọdún méje lọ, ìwọ lo máa ń di agboòrùn mú, ìwọ lo sì máa ń gbé ìwé aláwọ̀ búlúù tí a ń kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sí. Òfin wa ò ju ẹyọ kan lọ: ojú lọ̀rọ̀ wà. A kì í bẹ̀bẹ̀ lórí ìdúró. Bí wọ́n bá ní ká jókòó, o máa kọ ‘jókòó’ sí ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn. Bí wọn ò bá ní ká jókòó, o máa kọ ‘dúró’, a sì ń padà lọ lọ́jọ́ kejì títí wọ́n fi máa rí àga fún wa. Bí a bá ń bọ̀ nílé, o ti máa sùn lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, yíǹkì á ti ba gbogbo ìka rẹ jẹ́. Bí mo bá gbóòórùn yíǹkì títí di òní, ẹ̀yìn mi á máa wá ọ.

Ojúewé yẹn ni mo ti bá ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì pàdé. Aránṣọ tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọléèwé, ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí tiwa ní ẹ̀yìn ọgbà ilé ìwé, ló gé búrẹ́dì yín jẹ, eyín rẹ̀ sì bá bọ́tìnnì pàdé nínú ẹ̀. Ó ya fídíò rẹ̀, ó gbé e sórí ayélujára. Ìwọ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé iléeṣẹ́ ti wádìí, pé aránṣọ ni obìnrin náà, bọ́tìnnì ò sì ṣọ̀wọ́n nílé aránṣọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni. Ayé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bi í bóyá síìpù ló fi ń jẹ ẹ̀wà. Àwọn ìyá méjì wá kó aṣọ ọmọ wọn lọ láìtíì rán an tán, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ òpùrọ́. Nígbà tó yá, àwọn míì gbèjà rẹ̀, wọ́n kọjú sí ìwọ náà, wọ́n pè ọ́ ní ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Lẹ́yìn náà lo pe ìyá rẹ lórí fóònù, o ní ọ̀gá rẹ ti búra pé bí ariwo yìí ò bá rọlẹ̀ kí oṣù tó parí, kí o palẹ̀ tábìlì rẹ mọ́.

Ṣé kí n wá káwọ́ gbera ni? Mo dá gbogbo àwọn tó bú ọ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ ta ni yín nínú àwọn ọmọ èèyàn, èmi ni bàbá ẹni tí ẹ ń bú, èmi ni mo kọ́ ọ nílé, ẹ wá bú mi. Ẹnì kan ní bàbá, ẹ má bínú sà, ó sì pa èébú rẹ̀ rẹ́. Òmíràn ní kí n máa kí òun láràárọ̀, pé kò sẹ́ni tó ń kí òun níbi tí òun ń gbé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé mi nìyẹn.

Mo gbé ìwé búlúù, mo lọ sílé aránṣọ. Ó ń tẹ máṣíìnì, kò ní kí n jókòó. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi tí n ò lè kọ síbi yìí, ìsàlẹ̀ ni mo máa kọ ọ́ sí. Mo kọ ‘dúró’, mo padà sílé. Ní ọjọ́ kejì mo tún lọ, mo dúró títí ó fi rán apá aṣọ méjì. N ò bẹ̀bẹ̀. Mo kàn ní, ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí bọ́tìnnì yẹn?

Máṣíìnì dákẹ́. Ó ní Bàbá Omi, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ó ní àwọn tí òun ò mọ ibi tí ìlú wọn wà ti bú òun, àwọn míì ti gbè sẹ́yìn òun, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó ní kí òun mú bọ́tìnnì náà wá, kó wò ó. Ó mú páálí ìṣáná wá, ó ṣí i. Akọ̀wé, bọ́tìnnì yẹn tóbi bí ẹyọ owó, búlúù ni, ihò mẹ́rin ló ní, òwú funfun ṣì wà nínú ẹ̀. Ó wá fa àpótí bọ́tìnnì tirẹ̀ síta: funfun wẹ́wẹ́, oníhò méjì, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ní irú bọ́tìnnì ńlá yẹn, ara ẹ̀wù iṣẹ́ ló ti já. Ó gbá aṣọ orí bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n jókòó.

Torí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Wọ ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun lọ, wá ẹ̀wù iṣẹ́ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ò pé. Má jẹ́ kí wọ́n lé ẹni tó ni ín, ẹ̀wù ló gbó. Gbé ẹ̀wù náà bọ̀ nílé. Aránṣọ ní òun máa gán bọ́tìnnì yẹn padà sí i fúnra òun níwájú fóònù, kí gbogbo ayé rí i, àmọ́ òun ò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ àyàfi kí ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn wá jókòó níwájú òun. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, fún òróró orúnkún ìyá rẹ, fún okùn awò ojú mi, àti fún dátà, nítorí àwọn èèyàn mi ń retí kí n kí wọn.

Ó wá ku àwọn ohun tí mo fi kún ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ogójì mílíọ̀nù. Èèyàn mọ́kànlélógójì ni, ìyá rẹ sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí rọrùn láti jẹ́wọ́. Ti irọ́ tí mo ní n ò pa rí ló le. Ohun tí aránṣọ sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé nígbà yẹn ìkòkò omi àwọn ló dọ̀tí, nísinsìnyí bọ́tìnnì àwọn ni. Ọ̀dọ́ ni aránṣọ nígbà yẹn, ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ni mo dúró sí. Ìpẹtà ló wà nínú páìpù wa, omi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ọ̀gá mi ní kí n sọ pé ìkòkò àwọn ará ilé yẹn ló fà á, mo sì sọ ọ́. Ìwọ lo di agboòrùn mú. Lójú ọ̀nà o bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀, mo ra súwíìtì fún ọ kí o lè dákẹ́. Lánàá mo wá ojú ìwé yẹn kàn nínú ìwé búlúù. O ò kọ ‘jókòó’, o ò kọ ‘dúró’. Lẹ́tà ńláńlá ọmọ ọdún méje lo fi kọ ọ́ pé: A KÒ WO ÌKÒKÒ.

Nítorí náà, kì í ṣe ayélujára ló kọ́ ọ ní gbólóhùn bọ́tìnnì yẹn. Máa bọ̀, ọmọ mi. Ọ̀nà á là fún ọ, ojú kò ní tì ọ́ níbi tí o bá dúró sí, wọ́n á rí àga fún ọ. Ìwọ ni kí o sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ni màá gbé ìwé, èmi ni màá sì di agboòrùn mú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàbá Omi.