Wọ́n Ní Ìjókòó Kan Ti Ṣófo fún Màmá Rẹ

Pruitt Fork,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù karùn-ún.

Twyla, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ajá yín tí ẹ ní ó ń bá yín sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, kí Olúwa dárí jì yín. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín láyọ̀ ní Cincinnati, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí òjò má sì wọ ilé yín bó ṣe ń wọ tiwa. Àyà mi ṣì ń han, eruku èédú tí mo fà símú nínú ihò kùsà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ò tíì ṣe tán láti jáde, ṣùgbọ́n mò ń mí, ẹni tó bá sì ń mí kò gbọdọ̀ ṣàròyé jù. Màlúù ti bímọ, akọ ni. Odò kún wọ inú ọgbà, ó kó gbogbo ẹ̀wà tí mo gbìn lọ, àlùbọ́sà nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ màmá rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ mú bíró. O rántí pé lọ́dún tó kọjá ni mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, pé kí wọ́n fún wa ní obìnrin kan tí yóò máa wá bá mi ṣọ́ ọ lójúmọmọ torí iyè rẹ̀ tó ti ń ra, kí wọ́n má bàa gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Marlow, tó jìn síbí ní ọgọ́rin máìlì. Láti ìgbà yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń lé kiri, òun náà ni pé kí màmá rẹ lo ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Renata Skaggs ló ń rí sí ọ̀rọ̀ wa ní ọ́fíìsì ìjọba tó wà nílùú. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀kọ́ ilé wà lára rẹ̀. Mo ní kó sọ ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà gan-an fún mi, kí n lè lọ bá olúwarẹ̀ lójúkojú, ló bá ya àwọn àpótí kan sẹ́yìn àpòòwé. Ọ̀kan wà lókè, ti Kọmíṣọ́nnà nìyẹn, gómìnà ló yàn án. Mẹ́fà wà nísàlẹ̀ rẹ̀: àwọn tó ń rí sí ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, àwọn tó ń fúnni ní káàdì oúnjẹ, àwọn tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọpọlọ, àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn tó ń rí sí arúgbó, àti àwọn tó ń ka owó. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Mo bi í pé nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn wà, kí ló dé tí àwọn oníkáàdì oúnjẹ, tí wọ́n ti mọ orúkọ wa àti ọjọ́ orí wa àti iye ehín tó kù lẹ́nu mi, kò lè sọ ọ́ fún àwọn tó ń rí sí arúgbó, tí mo fi ní láti tún gbogbo rẹ̀ kọ sínú fọ́ọ̀mù olójú ewé méjìlélógún. Ó ní kọ̀ǹpútà wọn kì í bá tàwọn sọ̀rọ̀. Twyla, ó dùn mí. Mo bi í pé kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà wọ́n ni. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà ìlàjà fún ẹ̀rọ méjì tí wọn kì í kí ara wọn. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, àfi Clete Ratliff aládùúgbò wa, tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ látìgbà tí òrùlé ihò kùsà ti wó lù ú lẹ́sẹ̀, òun ló ń fi fìlà bo ẹ̀rín mọ́nú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Mísì Skaggs wá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìjókòó. Ó ní bí ìpínlẹ̀ wa bá yọ dọ́là kan, ìjọba àpapọ̀ ní Washington á fi bíi mẹ́ta lé e, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ tirẹ̀. Ó ní àwọn aṣòfin máa ń pàdé nígbà tọ́dún bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ka iye ìjókòó tí agbára wọn ká, iye yẹn náà ni iye èèyàn tó lè rí olùtọ́jú gbà sílé. Clete ti ní tirẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, obìnrin kan ń wá wẹ̀ fún un láràárọ̀. Àwa wà ní nọ́ńbà igba ó lé mọ́kànlá. Mísì Skaggs ní kò sí ìjókòó tó ṣófo, àfi kí ẹnìkan dìde.

Mo délé, mo rò ó títí. Mo ní tó bá ṣe pé ìjókòó ló wọ́n wọn, ọ̀rọ̀ ti dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. O rántí igi wọ́núùtì ńlá tí ìjì wó lẹ́yìn ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kan àga kan, mo fi èèpo igi hun ìdí rẹ̀ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ọ́fíìsì. Mo sọ fún Mísì Skaggs pé ti ìpínlẹ̀ nìyí, kí Washington wá kan mẹ́ta tiwọn, kí màmá rẹ mú ọ̀kan, kí wọ́n fi mẹ́ta tó kù fún àwọn tó wà níwájú wa. Ó wo àga náà títí. Ó wá rọra sọ fún mi pé ìjókòó tí òun ń wí, owó ni, kì í ṣe igi. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń dúró, torí àwọn àga oníke tó wà níbẹ̀ ti fọ́ tán. Ojú tì mí débi pé n ò tan rédíò títí mo fi délé.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún yìí, fóònù ilé dún, Mísì Skaggs ni. Ó ní ìjókòó kan ti ṣófo, ó sì ti kàn wá. Mo bi í pé ta ló dìde. Ó ní òfin ò gba òun láàyè láti sọ. Ọjọ́ kẹta ṣáájú ìgbà yẹn la sin Clete Ratliff. Mo se ẹ̀wà, mo yan búrẹ́dì àgbàdo, mo gbé e lọ fún Wanda ìyàwó rẹ̀, n ò sì lè wo ojú rẹ̀. Ó ní kí n jókòó jẹun, mo ní mo ti yó. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń ka àwọn tó wà níwájú wa, n ò mọ̀ pé èèyàn ni mò ń kà.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ló kàn, n ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ. Fóònù alágbèéká tó o rà fún màmá rẹ, tó máa ń dún ní ìparí oṣù, tí wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé Twyla ti fi àádọ́ta dọ́là ránṣẹ́, inú fóònù yẹn ni mo rò pé owó náà ń gbé. Mo gbé e sínú agolo ìyẹ̀fun kí olè má bàa rí i, mò ń sọ fún màmá rẹ pé lọ́jọ́ tó o bá wálé, wàá bá wa kó o jáde. N ò mọ̀ pé báńkì ló ń lọ tààrà, sínú àkáǹtì tí màmá rẹ ṣí láyé ìgbà tó ń rán aṣọ ìbora tà. Òfin sì ni pé ẹni tó bá máa mú ìjókòó kò gbọdọ̀ ní ju ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lọ lórúkọ ara rẹ̀. Mo ti fọwọ́ sí i fún Mísì Skaggs pé tiwa ò tó bẹ́ẹ̀. Ìwé báńkì dé, ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún àti ogójì ló wà níbẹ̀.

Mísì Skaggs gbé ìwé náà lélẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Estep, kí ló dé tẹ́ ò ná an? Ká ní bàtà lásán lẹ fi rà, ẹ̀ bá ti wọlé.”

Mo ní, “Ọmọ wa ló fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. N kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù.”

Ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ olú ìlú láago lójú mi, ó bẹ àwọn tó ń ka owó, ó bẹ̀ wọ́n bí ẹni pé ìyá tirẹ̀ ni. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù ti wọlé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn rí. Ìjókòó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn wa, àwa padà sí ìdí ìlà. Mo gbàdúrà fún olúwarẹ̀, mo sì tún bínú sí i díẹ̀, Ọlọ́run mọ̀. Twyla, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ọmọ tó ń rántí ìyá rẹ̀ lóṣooṣù kò ṣẹ̀. Èmi tí n ò mọ ibi tí owó ń gbé ni mo jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà lẹ́yìn ilé tí mò ń fún màlúù lómi, màmá rẹ jáde, ó wọ odò dé ìbàdí, ó ń pe ìyá rẹ̀. Mo sáré ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, èémí ò gòkè mọ́. Wanda ló wọ odò lọ fà á jáde. Dókítà ní ó tó gẹ́ẹ́, Marlow ló kù. Mo bi Mísì Skaggs pé nọ́ńbà mélòó la tún máa jẹ́ níbẹ̀, ó ní kò sí nọ́ńbà. Ó ní ilé arúgbó kì í ní òǹkà ìjókòó, dandan ni fún ìjọba láti sanwó ẹni tí kò bá ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó obìnrin tí ì bá máa wá sílé. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Owó wà láti mú un kúrò nílé, owó ò sí láti jẹ́ kó dúró sílé. Mo délé, mo wo àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lára fíríìjì, n ò rí èyí tí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti jáde. Inú bí mi, mo fà á ya.

Ní Marlow náà, owó báńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjì. Òfin gbà kéèyàn fi ra ilẹ̀ ìsìnkú, nítorí náà mo ra méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ibẹ̀ ga, odò ò lè dé ibẹ̀. Ìwọ lo sanwó rẹ̀. O ṣeun, ọmọ mi.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí láìtọrọ nǹkan, tòní náà kan ọ̀rọ̀ owó. Jọ̀wọ́, má fi owó ránṣẹ́ mọ́, àádọ́ta dọ́là kan ṣoṣo, wọ́n á rí i. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ra epo sí ọkọ̀ kó o máa bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí ni ọkọ̀ Marlow máa wá gbé e, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́rú ni kó o ti wọlé.

Kò ní wọ ọkọ̀ náà nítorí tèmi. Láti oṣù méjì sẹ́yìn, ọkùnrin tó wá ka mítà iná ni mo jẹ́ lójú rẹ̀. Kì í bú mi o, ó máa ń bu omi fún mi mu, á ní kí n bá òun kí ìyàwó mi nílé. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù, ṣe ló máa ń dìde wá bàtà rẹ̀. Ìwọ nìkan ló máa tẹ̀ lé. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ pé kó o ṣe yìí kò dára, ká sọ fún ìyá ẹni pé ẹ jẹ́ ká lọ gbafẹ́, kó jẹ́ pé ibẹ̀ la máa fi í sí. Ká ní mo rí ẹlòmíràn bẹ̀ ni, n kì bá bẹ̀ ọ́.

Kí Olúwa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó má jẹ́ kí táyà fọ́, kó bù kún ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kí ẹni tó o bá fi gbogbo ayé rẹ fẹ́ má gbàgbé ojú rẹ láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Burl Estep.